Sinimá tí Kò Ní Ìbọn

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ajue níbí gbà pé sinimá tí kò ní ìbọn kò lè dẹ́rù bani. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Asghar Farhadi ará Ìráànì ṣe èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní A Separation. Nader fi ìbínú ti Razieh, tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀, jáde nílé. Oyún Razieh bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti díyà, èyíinì ni owó ẹ̀mí. Ọkọ Razieh sì jẹ gbèsè, àwọn olówó ti jókòó dè é. Nader ní kí obìnrin náà ṣáà fi Al-Kùránì búra pé títì yẹn ló ba oyún jẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò ti kọ lù ú ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò dá a lójú. Kò lè búra.

Ẹ̀yin ará, ní kóòtù tiwa ńkọ́? Àwọn kan a máa ní irin ni kí wọ́n fún Mùsùlùmí búra, torí pé irin kì í pẹ́ mú ni! Razieh bẹ̀rù Allah ju ebi lọ.

Nader tó ń béèrè ìbúra gan-an ti purọ́ fún adájọ́ pé òun kò mọ̀ pé ó lóyún. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 11, gbè é lẹ́yìn kí bàbá má baà wẹ̀wọ̀n. Ta ló ni ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ ọmọ yẹn? Mo rò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ṣì ń jiyàn.