Ǹjẹ́ Owó Ìtanràn Lè Dípò Ènìyàn?



Ní erékùṣù Bali, ní ilẹ̀ Indonesia, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní banjar. Bí wọ́n bá ti lu kulkul, ìyẹn ìlù onígi wọn, olúkúlùkù mọ̀ pé iṣẹ́ dé: òkú ni o, ìgbéyàwó ni o, àtúnṣe ilé ìjọsìn ni o. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbéyàwó ní ẹgbẹ́ tiwọn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láìgbowó yìí ni wọ́n ń pè ní ngayah. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò pin síbì kan.

Àwọn àgbẹ̀ wọn náà ní ẹgbẹ́ olómi, subak, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2012. Olóko òkè ni omi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò lè ṣe kó má nílò ti ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá jọ fi ilẹ̀ sílẹ̀ lákòókò kan náà, eku àti kòkòrò yóò máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Kuta àti Nusa Dua. Kulkul lè dún nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ banjar, ẹni tí kò bá wá yóò san owó ìtanràn. Ṣé ẹni tó sanwó ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn?

Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ṣòwò mọ ohun tí owó ọjà jẹ́: bí o bá ti san án, gbèsè tán. Ìtanràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, pé ìdíwọ́ ló dé. Owó kì í gbé òkú. Bí gbogbo wa bá sì sanwó, ta ni yóò wà ńlé tí yóò gbà á?

Ní abúlé Pegayaman, níhà àríwá Bali, àwọn Mùsùlùmí ti ń gbé láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bí ọdún bá dé, wọn a gbé oúnjẹ fún aládùúgbò wọn, àwọn náà a sì gbé tiwọn wá. Ngejot ni wọ́n ń pè é. Abọ́ tí a fi ọwọ́ ara ẹni gbé dé ẹnu ọ̀nà ẹnìkejì, owó wo ló lè ṣe irú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á máa sanwó nígbà tí a kò bá ráyè, kí á sì máa wá nígbà tí a bá ráyè. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á fi owó ra ara wa kúrò láàrin ènìyàn. Àmín.