Kòrónà, Ọpọlọ àti Ìbéèrè Elisabeth

Àrùn Kòrónà kò mọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Láti ọdún 2020 tó ti gbilẹ̀ káàkiri ayé ni àwọn dókítà ti rí i pé ó ń dé ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára pẹ̀lú. Àwọn kan kò gbóòórùn mọ́ rárá. Àwọn mìíràn, tí àgbàlagbà pọ̀ jù nínú wọn, ń ṣe ìrànrán lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Wọn kò mọ ọjọ́, wọn kò mọ ẹni tó dúró tì wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àwọn kan, ó sì yọrí sí rọpárọsẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ sì wà tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn yíjú padà sí iṣan ìmọ̀lára wọn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọ jọwọlọ.

Ọ̀rọ̀ imú yẹ ní wíwò fínnífínní. Lókè pátápátá nínú imú ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó gba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbóòórùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì yí wọn ká tí wọ́n ń gbé wọn ró. Ara àwọn agbéniró yìí ni ACE2 wà, ibi tí kòkòrò Kòrónà ń dì mọ́ kó tó wọlé. Àwọn tó ń gbóòórùn gan-an kò ní in. Bí aláàárù bá dùbúlẹ̀, ọjà á dúró, bí ara ọlọ́jà tilẹ̀ le koko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbóòórùn padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òdì ni òórùn padà sí wọn: àlùbọ́sà tó ń dín nínú epo, tó ń ta sánsán sí gbogbo ilé, á máa rùn sí wọn bí ohun tó jẹrà. Àlùbọ́sà kò yí padà, ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀ kò sì purọ́.

Èyí tó ń pẹ́ lára ló díjú jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé pa ààlà sí i: àmì àìsàn tó wà lára lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, tó ti lo oṣù méjì ó kéré tán, tí àìsàn mìíràn kò sì lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Iyè ríra àti àìlèronú já gaara wà lára wọn. Lọ́dún 2022, Gwenaëlle Douaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 785 ní Britain, ẹni ọdún 51 sí 81, tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn 401 kó Kòrónà láàárín àwòrán méjèèjì, kò sì wọ ọ̀pọ̀ wọn lára. Síbẹ̀, apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ òórùn àti ìrántí dín kù lára wọn ju ti àwọn tí kò kó o lọ, láti ìdá 0.2 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò gbogbo wọn lápapọ̀ nìyí o. Kò sọ ohun tí ẹnì kan pàtó pàdánù.

Ìbéèrè àtijọ́ kan tún jí dìde níbí. René Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́ni pé ọkàn ló ń ronú, kò sì gba àyè kankan. Ara ló gba àyè, ara kì í sì í ronú. Elisabeth, ọmọ ọba Bohemia tí ìdílé rẹ̀ ti sá lọ sí Netherlands, kọ lẹ́tà sí i lọ́dún 1643. Ó kọ́kọ́ béèrè bí ohun tí kò gba àyè ṣe lè mú ara mìra. Ní oṣù Kẹfà, ó mú ọ̀rọ̀ àìsàn wọ̀ ọ́: bí ọkàn àti ara kò bá ní nǹkan kan pa pọ̀, báwo ni oru lásán láti inú ara ṣe lè gba gbogbo làákàyè lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ èrò rò dáadáa? Descartes ní inú ìgbé ayé ojoojúmọ́ lèèyàn ti ń mọ̀ pé ọkàn àti ara ṣọ̀kan, kò sì yẹ kí ènìyàn lo àkókò púpọ̀ lórí àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì ìbéèrè.

Àwòrán ọpọlọ náà kò lè dá ẹjọ́ yìí. William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1898 pé ọpọlọ lè jẹ́ ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá, kó má jẹ́ orísun rẹ̀. Bí ọ̀nà bá sì bàjẹ́, àmì kan náà ni yóò hàn síta.

Nínú èrò Yorùbá, bí onímọ̀ ọgbọ́n orí Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin ṣe tú u palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, ẹ̀yà ara ni ọpọlọ, òun náà sì ni làákàyè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Olódùmarè ni ẹ̀mí ti wá. Orí ni ènìyàn yàn kó tó dé ayé. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá dàrú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ìwà, nítorí ìwà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn. Bí oníwà pẹ̀lẹ́ bá di oníbìínú lẹ́yìn Kòrónà, tó ń ṣèlérí tó ń gbàgbé, ta ló ni ìwà tuntun náà? Ẹni tó ya wèrè, gbogbo ayé dá a láre. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí àyẹ̀wò kò sì rí nǹkan kan lára rẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ará ilé àti aládùúgbò ni ìwà ti ń dàgbà. Ìyípadà òjijì tí wọ́n rí lára ẹni tí wọ́n ti mọ̀ láti ogún ọdún jẹ́ ẹ̀rí tí kò yẹ kí àwòrán kankan pa rẹ́.

Lọ́dún 1645, ibà àti ikọ́ gbígbẹ ń ṣe Elisabeth, Descartes sì kọ̀wé sí i pé ìbànújẹ́ ló sábà máa ń fa irú rẹ̀. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tí Kòrónà kò tíì tán lára wọn ń gbọ́, pé ìrònú ló ń dà wọ́n láàmú. Ìbànújẹ́ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó ka ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀ tí kò rántí òkè rẹ̀ mọ́ kò ní ṣàìbanújẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn àìsàn ni ìbànújẹ́ yẹn dé.