Fífi Ọkọ̀ Titun Ṣe Pààrọ̀ Ti Àtijọ́: Ṣé Àìmoore Ni?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa ní Ṣàgámù. Bí àwọn kan ti ń fi í ṣẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń fi í dá ọmọnìkejì wọn lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó tó ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò.

Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Jíìpù ìgbàlódé ni ó ń gùn, irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ kì í wọ inú rẹ̀, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ tí yóò fi dìde. Ojú dígí kan wà níwájú rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń fi ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ han ẹni tó ń wà á. Ṣàdédé ni ó gbé jíìpù yìí fún oníṣòwò ọkọ̀ kan, ó gba Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, oníṣòwò náà sì fi owó lé e fún un. Kò jẹ gbèsè, wọn kò lé e níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ: “Ó ń dùn mọ́ mi láti wà ni.”

Èsì yìí gan-an ni kò dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Bí ó bá ní epo ló wọ́n ni, gbogbo wa ni ìbá mirí. Ta ni kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lójú ẹsẹ̀, tí ó sì kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọdún 2024? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Píjò mọ̀ pé òun náà a máa mu epo dáadáa, nítorí náà arákùnrin wa kò lè fi èyí bojú. Ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ sunkún. Wọ́n ní ayé ló ti ọmọ àwọn padà sẹ́yìn. Àgbà kan nínú mọ́sáláṣí ní àìmoore ni: Ọlọ́hun gbé ọ gòkè, ìwọ fúnra rẹ sọ ara rẹ kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbi àsàlátù sì ń yìn ín pé ó ti kọ ayé sílẹ̀.

Lójú tiwa, kò sí èyí tó rí ọ̀rọ̀ náà tán nínú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí omijé ìyá yẹn ti wá. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, iṣẹ́ ni a fi mọ ọkọ̀ kí á tó fi mọ fàájì. Lọ́rì tí ń kó obì láti Ṣàgámù lọ sí ilẹ̀ Haúsá wà lára ohun tó mú kí Sábó wa kún. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1909, fi ọkọ̀ èrò àti òwò irè oko wá oúnjẹ rí kí ó tó lọ ka ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń to èyí tí a sọ ní Ìjàpá. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Tíṣà a máa ra ọkọ̀ titun, òun ni yóò ya ike lára ìjókòó rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ya á, kí ọkọ̀ lè máa jẹ́ titun lọ! Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP dé ní ọdún 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ titun fò kọjá orí òṣìṣẹ́, a wá ń ra Tòkunbọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti di ìwé ẹ̀rí. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ni a fi ń ka ibi tí olówó dé. Ìyá tó bá rí ọmọ rẹ̀ tó ti inú ọkọ̀ ọdún àìpẹ́ bọ́ sínú ti ọdún pípẹ́, ohun tí ojú wọn rí ni pé ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Kí wá ni adùn inú Píjò yìí? A bá arákùnrin wa wọ̀ ọ́ láti Mákùn dé Ìlíṣàn, a sì yé e. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó ń gorí gegele bọ́ sí kòtò láìjan ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lórí ọ̀nà tiwa. Ṣùgbọ́n adùn tó ju èyí lọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wà á ni ó ń wà á lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń gba ọkọ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó yí gíà, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. Bí ó bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó rí kábúrétọ̀, ó rí pọ́ọ̀ǹpù epo, ó mọ iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tún un ṣe kí Áṣárì tó wọlé. Jíìpù ìjọ́sí ńkọ́? Bí iná pupa kan bá tàn níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ àfi kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tì í, ó sì lè di Èkó kí wọ́n tó rí èyí tó gbédè rẹ̀. Adùn Píjò yìí kò yàtọ̀ sí ti ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ òfì. Adùn mímọ nǹkan ṣe ni, kì í ṣe ti níní nǹkan nìkan.

Ǹjẹ́ Ìsìláàmù gba irú adùn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí? Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Súrátù Náhlì, áyà 8, Ọlọ́hun sọ nípa ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pé gígùn ni Òun dá wọn fún àti ọ̀ṣọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò fi mọ sí orí gígùn. Ó tún fi kún un pé Òun yóò máa dá ohun tí a kò mọ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ Píjò kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ máa bú ọkọ̀ ìgbàlódé bí ẹni pé bìdíà ni. Nínú Súrátù Áráàfù, áyà 31 àti 32, Ọlọ́hun kọ ìná àpà, Ó sì bi wá ta ni ó sọ ọ̀ṣọ́ tí Òun pèsè fún ẹrúsìn Rẹ̀ di èèwọ̀. Ànábì náà, kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a, ka ohun ìgùn tó rọrùn mọ́ ohun tó ń mú ayé dùn mọ́ ènìyàn, pẹ̀lú aya rere, ilé tó gbòòrò àti aládùúgbò rere.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè é ní ẹni tó kọ ayé sílẹ̀, ẹ rọra. Ìtàn tí ẹ ń gbé kiri ni ti Sàyídínà Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Wọ́n ní nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, wọ́n mú ẹṣin tó rẹwà fún un kí iyì rẹ̀ lè hàn lójú àwọn ará ibẹ̀. Bí ó ti gùn ún, ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yan, Umar sì sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ràkúnmí òun wá. Òótọ́ ni pé òun náà pààrọ̀ èyí tó dán fún èyí tó ti gbó. Àmọ́ ẹ̀rù ìgbéraga ló sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní ràkúnmí náà dùn ún gùn ju ẹṣin lọ. Arákùnrin wa kò sá fún ìgbéraga, ohun tó fẹ́ ló tọ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sì pe ara rẹ̀ ní Umar. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi agbádá tí kò dá wọ̀ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé ìgbéraga lè jókòó sínú ọkọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú. Ànábì túmọ̀ ìgbéraga sí kíkọ òtítọ́ àti fífojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá ń ti inú Píjò wo onijíìpù bí òmùgọ̀ tó kó sọ́wọ́ ayé, kí ló fi sàn ju onijíìpù tó ń wo Píjò bí àkísà?

Ti àgbà tó pè é ní àìmoore ló le jù lọ láti dáhùn. Ìtàn ràkúnmí Ànábì tí ń jẹ́ Al-Adbáù ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ràkúnmí mìíràn kì í yá jù ú, àfi ìgbà tí ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí dé tó sì ṣáájú rẹ̀. Ó dun àwọn sàhábé. Ànábì sì fi yé wọn pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ni pé kò sí ohun tí yóò ga láyé tí Òun kò ní rẹ̀ sílẹ̀. A rí nǹkan méjì níbẹ̀: èkíní, wọ́n fẹ́ràn ràkúnmí débi pé inú wọn bàjẹ́, Ànábì kò sì pe ìfẹ́ náà ní ẹ̀ṣẹ̀, èkejì, gíga àti rírẹlẹ̀ ohun ìgùn kì í ṣe òṣùwọ̀n iyì ẹni tó gùn ún. Bí ọpẹ́ bá jẹ́ lílo ìkẹ́ Ọlọ́hun níbi tó dára láìfi ṣòfò, ta ni yóò sọ pé ẹni tó ń nu Píjò rẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń ṣàdúà ìrìnnà kí ó tó ṣí i, kò dúpẹ́? Ibi tí owó àlékún náà wọlé sí, a kò bi í, kò sì sọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lójú wa ni ìyàwó rẹ̀. Ohun tó bi í ni pé: “Bàbá Ṣukura, ta ni ó ń dùn mọ́, ta ni ó sì máa pa?” Jíìpù ní báàgì afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, Píjò wọn kò ní in, kò sì sí bẹ́líìtì kankan níbi ìjókòó ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ ń jókòó. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 kò jìnnà sí wa, gbogbo wa la sì mọ bí tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀. Adùn jẹ́ ti ẹnì kan, ewu jẹ́ ti ará ilé gbogbo. Olùṣọ́ ni baálé, wọn yóò sì bi í nípa ohun tó ń ṣọ́. Níhìn-ín, ẹ̀yìn ìyàwó la wà pátápátá. Arákùnrin wa kò jiyàn, ó ní kí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní kó àwọn ọmọ gba márosẹ̀ nínú rẹ̀. Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn ló ń gbé wọn lọ. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbà láti wọ̀ ọ́.

Ó ku ti pààrọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan ń sọ pé owó tí oníṣòwò fi lé e ti sọ ọ́ di ríbà. Dàbínù Bilal ni wọ́n ń tọ́ka sí, nígbà tó fi òṣùwọ̀n méjì dàbínù tí kò dára gba òṣùwọ̀n kan èyí tó dára, tí Ànábì ní ríbà gan-an nìyẹn, kí ó ta tàkọ́kọ́ kí ó sì fi owó rẹ̀ ra èkejì. Ohun mẹ́fà ni Ànábì dárúkọ nínú òfin yìí: wúrà, fàdákà, àlìkámà, báálì, dàbínù àti iyọ̀. Ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí náà àlékún owó kò ba pààrọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Ohun tí ń bà á jẹ́ ni fífi àléébù pamọ́. Gíà jíìpù náà ti ń já nígbà tó bá gbóná. Arákùnrin wa sọ ọ́, oníṣòwò sì yọ nínú owó tó fẹ́ fi lé e. Òun náà fi ibi tí wọ́n ti jó lábẹ́ Píjò hàn án. Ọ̀dọ́ kan bi wá ní àsàlátù bóyá kò bá ti dákẹ́ ni, nígbà tí oníṣòwò yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí. A dá a lóhùn pé nígbà tí Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní Mẹdínà, tí ọwọ́ rẹ̀ kan èyí tó tutù lábẹ́, tó sì ní ẹni tó bá ń rẹ́ ni jẹ kò sí lára tòun, kò kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn ẹni tó fẹ́ rà á.