Owó Ọkọ̀ Pọ́ọ́kú àti Amánà Ẹ̀mí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀, tí ó sì la ọ̀nà sí i fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọkọ̀ èrò ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀. Oníṣòwò ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ará Abígí ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré ni a máa ń wá, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: bí a bá rí i ní gáréèjì pé ìjókòó ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n kó mẹ́rin sí, tí táyà sì ti dán, tí a wọlé tí a dákẹ́ nítorí owó pọ́ọ́kú, ọrùn ta ni ẹ̀mí inú ọkọ̀ náà wà?

Òtítọ́ ni pé awakọ̀ àti olówó-ọkọ̀ yóò jíhìn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wí pé, "Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀, ara mi sì ni." Ara wa kì í ṣe tiwa, amánà ni. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kò lè fi ta tẹ́tẹ́. Ọmọ ọwọ́ tí ó wà lórí itan ìyá rẹ̀ ńkọ́, ta ni ó bi í bóyá ó gbà?

Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Nu'mān ọmọ Bashīr, Ànábì fi àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn, kí wọ́n lè rí omi fà láìyọ ará òkè lẹ́nu. Bí ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn yóò rì; bí wọ́n bá dá wọn lẹ́kun, gbogbo wọn yóò là. Ẹ̀yin ará wa ní Ògùn Waterside tí ẹ mọ ọkọ̀ ojú omi lè jẹ́rìí sí i: omi kì í béèrè ẹni tí ó lu ihò.

Àwa èrò náà wà lára àwọn tí ń lu ihò. A ná owó ọkọ̀ títí ó fi já sílẹ̀, awakọ̀ sì fi ènìyàn kẹrin dí owó tí a yọ. Lójú ọ̀nà, àwa kan náà ni a ń pariwo pé ó ń falẹ̀.

Tálákà tí kò rí owó ọkọ̀ mìíràn ńkọ́? Ọlọ́hun kò béèrè ju agbára ẹni lọ. Ṣùgbọ́n a kì í san owó kí a tó sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí ó bọ́ sílẹ̀. Bí èrò mẹ́wàá bá sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ọkọ̀ tó gbéra, awakọ̀ kò ní lé ẹni mẹ́wàá. Òfin kò gba bọ́ọ̀sì èrò láyè láti sáré ju kìlómítà 90 ní wákàtí kan lọ ní òpópónà márosẹ̀. Bí ó bá kọ etí ikún, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà, 122 sì ni nọ́ńbà wọn.

Àdúà ìrìn-àjò dára, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ahọ́n tí ó ṣe àdúà má ṣe dákẹ́ nígbà tí ó bá yẹ kí ó kìlọ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.