Nígbà Tí Ọ̀dá Wọ Ọ̀rọ̀ Àgbò Iléyá

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Mòrókò.

Ọdún méje ni ọ̀dá fi dá níbẹ̀. Koríko gbẹ lọ́wọ́ àwọn darandaran, àgbò wọ́n gógó, iye ẹran wọn sì fi ìdá 38 nínú 100 dín sí ti ọdún 2016. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ọba Mohammed VI rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má pa ẹran Iléyá lọ́dún náà, òun yóò pa á ní orúkọ gbogbo wọn. Hassan II, bàbá rẹ̀, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1996.

Ṣé ọba wá pa súnnà rẹ́ ni? Rárá o. Lọ́dọ̀ Imam Málíkì, tí àwa àti wọn jọ ń tẹ̀lé, súnnà tó lágbára ni, fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀. Ànábì wa pàápàá pa àgbò kan fún àwọn tí kò rí pa nínú ìjọ rẹ̀. Darandaran tó bá sì pa abo àgùntàn tó kù fún un, kí ni yóò bímọ fún un lẹ́ẹ̀mejì?

Àwa ńkọ́, tí a ń yá owó èlé ra àgbò nítorí ojú aládùúgbò? (Ẹ má bínú, a mọ ara wa.) Ní Mòrókò, wọ́n kí ìrun Iléyá, wọ́n gbé Ọlọ́hun tóbi, abo àgùntàn sì wà lórí ìso.