Àdàpè Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Ń Ta Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà ní àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́". Àdàpè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín burú ju ti olè lọ: èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń bo ẹ̀jẹ̀ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀, kí ọkàn àwọn ọmọlẹ́yìn wọn má baà dá wọn lẹ́bi.

Àìsàn yìí ti pẹ́ láyé. Nínú Súrà Tọ́ọ̀hà, áyà 120, Ìbìlísì kò pe igi tí Ọlọ́hun kọ̀ fún Ànábì Ádámọ̀ ní igi èèwọ̀. Igi àìkú ni ó pè é. Nínú Súrà Al-Bákárà, áyà 11 àti 12, nígbà tí a kìlọ̀ fún àwọn múnááfíkì pé kí wọ́n má ṣe ìbàjẹ́ lórí ilẹ̀, wọ́n fèsì pé alátùn-únṣe ni àwọn. Ọlọ́hun sì fi hàn pé àwọn gan-an ni ọ̀bàyéjẹ́. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ òun yóò máa mu ọtí, wọn yóò sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fíkíhì fi ní ìtumọ̀ ohun ni ìdájọ́ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe orúkọ tí a sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbègbè wa. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn, wọ́n ń dáná sun wọ́n. "Wẹ́tíẹ̀" ni wọ́n pè é, bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n fi rin aṣọ. Ní Borno, àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn olóṣèlú ń lò láti fi dẹ́rù ba alátakò jẹ́ orúkọ ECOMOG, orúkọ ọmọ ogun tí a rán lọ pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà ní 1990. Ní Gánà, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá méjèèjì ní ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn ọmọ Delta Force ya wọ ilé-ẹjọ́ kan ní Kumasi, wọ́n sì tú 13 nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n wà níwájú adájọ́ sílẹ̀. Ní 2019 ni orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin tí ó fòfin de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà ní 2011, àjọ Human Rights Watch ní ènìyàn tí ó lé ní 800 ni ó kú ní ìpínlẹ̀ 12 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ tí Sheikh Ahmed Lemu darí wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ìpè tí àwọn gbajúmọ̀ olóṣèlú ń pe àwọn olùdìbò láti "ṣọ́ ìbò wọn" wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbọ́ sí àṣẹ ìwà ipá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àdàpè yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Èkíní, a ó pa orúkọ oníṣẹ́ ibi dà: jàǹdùkú di "àwọn ọmọ wa". Èkejì, a ó pa orúkọ iṣẹ́ náà dà: ìpànìyàn di "ìdáàbòbò". Ẹ̀kẹta, a ó pa orúkọ ẹni tí a pa dà: aládùúgbò di "ọ̀dàlẹ̀". Nígbà tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yí, kò sí ẹni tí yóò tún rí òkú.

Ẹ wo ìṣe Ànábì. Ní ọdún kẹjọ Hìjírà, Khalid ọmọ Walid pa àwọn kan nínú ìran Jadhima tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ pé àwọn ti gba ẹ̀sìn. Ọ̀gágun tiwa ni, àwọn tí a pa sì jẹ́ ọ̀tá títí di àná. Síbẹ̀, Ànábì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ohun tí Khalid ṣe níwájú Ọlọ́hun. Ó rán Ali lọ san owó ẹ̀jẹ̀ àti gbogbo ohun tí ó ṣòfò, títí kan àwo tí ajá fi ń mu omi. Kò wá àdàpè kankan.

Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn dáàbò bo ara rẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó àdá jọ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò kò dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Abala 227 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá kọ̀ fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí láti kọ́ ènìyàn ní lílo ipá fún ìdí òṣèlú. Ànábì sì ti kọ́ wa pé ìrànlọ́wọ́ tí a ó ṣe fún ọmọ ìyá wa tí ó ń ṣe àbòsí ni pé kí a dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀yin onímọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ṣe àdúà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní mọ́sáláṣí wa, mo ní ó "bá ìdìbò lọ". Lẹ́yìn ìrun, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Àáfà, ìdìbò kò ní ọwọ́. Ènìyàn ni ó pa ọmọ mi." Ojú tì mí. Èmi náà ti ṣe àdàpè, lórí míńbárì.

Nítorí náà, kí a máa pe ìpànìyàn ní ìpànìyàn nínú kútúbà, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ràn ni ó ṣe é. Kí a má gba sàárà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kó àwọn ọmọ kéwú wa lọ sí ojú ìjà. Kí a sì bèèrè ẹ̀tọ́ àwọn ìdílé tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Kí Ọlọ́hun tọ́ ahọ́n wa sí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, kí Ó sì dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú Rẹ̀. Àmín.