Ẹni Tí Kò Nílé Nínú Ilé Gbogbo Ènìyàn

Àwọn baba wa a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ilé ni a ó wò, orúkọ wo ni a ó fún ẹni tí kò nílé tí kò lọ́nà, tí ojú ọ̀run jẹ́ òrùlé rẹ̀, tí páálí sì jẹ́ ẹní rẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìlú ní Amẹ́ríkà, kí ènìyàn tó lè yá ìwé lọ, wọn yóò bi í pé, "Níbo ni ẹ ń gbé?" Onílé a dá wọn lóhùn kíá, kò tilẹ̀ ní rántí pé wọ́n bi òun ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sun abẹ́ afárá mọ́jú a dúró bí ère, a wo àpò tí ó gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì yíjú padà.

Òṣì ní ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní ń jẹ́ mo bá ọ tan. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí, síbẹ̀ wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ṣí ní ìlú Boston ní 1895, pé ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Gbogbo: ọ̀rọ̀ náà kúrú lẹ́nu, ó gùn ní ìṣe.

Ní 1989 ni ilé ìkàwé ìlú Morristown, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ṣe òfin pé ẹni tí kò bá kàwé kí ó máa lọ, àti pé ẹni tí òórùn ara rẹ̀ bá ń ni àwọn ẹlòmíràn lára kí ó jáde. Richard Kreimer, ọkùnrin aláìnílé kan tí ó máa ń wá síbẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Adájọ́ Sarokin dá a láre ní 1991, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ojú àti imú wa kò bá gba aláìnílé, àìnílé náà ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a fi káàdì ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní 1992 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà: wọ́n gbà pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni láti gba ìmọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní ìwé kíkà ni a torí rẹ̀ kọ́ ilé náà, àwọn alábòójútó rẹ̀ sì lè ṣe òfin tí yóò mú kí ó ṣeé kàwé sí.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdájọ́ kejì yìí jẹ́ ìwà ìkà, nítorí ọmọdé tí ó wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá náà ní imú, arúgbó tí ó wá ka ìwé ìròyìn náà fẹ́ àlàáfíà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n yàrá ìkàwé ní ògiri. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹni tí ó ní balùwẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà láyé, gbogbo ẹrù rẹ̀ a sì já lé orí ẹni tí kò rí omi. Òfin tí yóò bá pàṣẹ pé kí ènìyàn lọ wẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi odò hàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó ìtanràn: ilé ìkàwé San Francisco wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé àti olówó àti tálákà ni ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dá ìwé padà, ṣùgbọ́n àdúgbò àwọn tálákà ni káàdì tí a gbẹ́sẹ̀ lé pọ̀ sí jù. Ní 2019, wọ́n fagi lé owó náà.

Àwọn baba wa kan náà tí wọ́n sọ ti ilé ni wọ́n sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí a bá gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó wà nílé. Ọjà ni gbogbo wa wá ná, àti ẹni tí ó rí ṣọ́ọ̀bù gbà, àti ẹni tí ó pàtẹ sójú oòrùn. Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ kárí ayé, kò bi ẹnikẹ́ni ní àdírẹ́sì kí ó tó jẹ́ kí oòrùn ràn sí i lára. Àga tí ilé ìkàwé fún aláìnílé kì í ṣe sàráà. Tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀.

Ní 2009, ilé ìkàwé San Francisco gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sí àárín ìwé, èyí tí ilé ìkàwé kankan ní Amẹ́ríkà kò tíì ṣe rí. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àwọn tí wọ́n fi ṣe olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: àwọn tí àwọn fúnra wọn ti sun ìta rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń jí ẹni tí oorun gbé lọ lórí tábìlì. Kò ní gbá a léjìká, nítorí bí ọwọ́ bá ba ẹni tí ń sun ìta lójijì, ìjà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Yóò fi ìka kan tábìlì díẹ̀díẹ̀, yóò dúró síbi tí ojú ti lè tó o, yóò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ibi tí a ti lè wẹ̀, ibi tí a ti lè jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, àti wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Bí onítọ̀hún bá sì fẹ́, yóò nu ojú, yóò jókòó dáadáa, yóò máa wá ojú ewé tí oorun ti já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.